Inú Aṣọ Ni Mo Máa Ń Wò

Ẹni tó bá gbé aṣọ wá pé kí n bá òun tún un ṣe, kí n tó bèèrè ohun tó ṣe é, mo ti da inú rẹ̀ síta. Òde aṣọ, gbogbo ayé ló ń rí i. Inú ni tèmi: ojú ìrán, ìṣẹ́tí, abẹ́ apá, ìsàlẹ̀ àpò. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, aṣọ ọkùnrin ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó sídìí máṣíìnì. Ohun tí ojú mi ti rí nínú aṣọ àwọn èèyàn, bí mo bá sọ gbogbo rẹ̀ tán, n ò ní ní kọ́sítọ́mà mọ́.

N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bó bá ń kọjá ládùúgbò, àwọn géńdé á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn ọlọ́kadà á máa fọn fèrè. Ó gbé ṣòkòtò léèsì kan wá lọ́jọ́ kan pé okùn rẹ̀ já. Mo da inú rẹ̀ síta. Àpò méjèèjì ti já nísàlẹ̀, ẹnì kan sì ti fi aṣọ àpò fúláwà lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, lẹ́tà pupa tó wà lára àpò fúláwà náà ò sì tíì parẹ́ tán. Léèsì lóde, fúláwà nínú. Mo ti okùn tuntun bọ̀ ọ́, mo ká a, mo kó o fún un, n ò sọ nǹkan kan. Òun náà ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tá a bá ti pàdé, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi.

Tíṣà kan wà tí mo yí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì fún. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Bí kọ́là bá ti họ níbi tí ọrùn ti ń fara kàn án, a ó tú u kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì, a ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, a ó tún un rán mọ́ ọn. Ṣẹ́ẹ̀tì á di tuntun lójú ẹni tí ò bá mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré la lè ṣe é, torí ojú méjì ni kọ́là ní. Lẹ́yìn ọdún méjì, tíṣà tún gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan náà dé, ó ní kí n tún un yí. Mo ní, "Sà, a ti lo ojú méjèèjì." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó lọ tán ni mo gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì náà, apá tó máa ń wọ inú ṣòkòtò, mo fi ṣe kọ́là tuntun, mo wá fi aṣọ mìíràn dí ibi tí mo gé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìpàdé àwọn òbí. Wọ́n ní ó gbáfẹ́.

Bàbá kan tún wà. Ìwé ìwọ̀n mi ni ẹlẹ́rìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rán ṣòkòtò fún un, ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 40. Ó kó mẹ́ta wá pé kí n bá òun fún wọn, mo ta tẹ́èpù yí i ká, ó di 36. Kò tó oṣù mẹ́rin, ó tún dé, ó di 33. Ó ní, "Télọ̀, ìwọ náà máa ń rán aṣọ mi fẹ̀ jù." Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ̀bi mi ni." Bó ṣe gbé apá sókè fún tẹ́èpù, aago ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ láti ọrùn ọwọ́, ó lọ dúró létí ìgúnpá. Ó jáde sí títì, obìnrin tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí i, ó ní, "Bàbá, ẹ tún ti dọmọdé! Aṣọ yín mà bá yín lára mu o." Inú bàbá dùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣòkòtò tó gbẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ ló wá gbà á.

Kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ sọ ara mi di wòlíì. Àwọn àgbà ní bí a bá ṣe rìn la ṣe ń koni. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, bí o bá ṣe rìn la ṣe ń dá owó lé ọ. Kò sí iye owó iṣẹ́ lára ògiri mi. Ẹni tó bá wọlé, ojú mi á kọ́kọ́ lọ síbi bàtà rẹ̀, torí bàtà kì í sábà purọ́. Láti ibẹ̀ ó di aago, ó di fóònù, ó di kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó gbé kalẹ̀ sórí tábìlì. Kó tó kí mi kú iṣẹ́ tán, mo ti mọ iye tí mo máa pè. Sẹ́nétọ̀ kan náà, yáàdì 4 kan náà, òwú kan náà: iye tí mo bá gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá, mo lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbé jíìpù wá. Nígbà mìíràn, dírẹ́bà lẹni tó gbé jíìpù wá. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọkùnrin náà ò bá mi dúnàádúrà rárá, ó kàn wò mí, ó palẹ̀ aṣọ rẹ̀ mọ́, ó lọ. Aṣọ ọdún Iléyá ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rán.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ wíwò yẹn, ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí mo ṣe kọ́ gígé àti rírán. Ọ̀gá mi lè wo èèyàn láti òdì kejì títì kó sọ pé, "Eléyìí á san àsansílẹ̀, eléyìí á gbé aṣọ lọ tán kó máa ní kí n wá lọ́la." Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lágbègbè ìhà ọ̀hún ló máa ń bí i nínú, ìyẹn Táí Ṣólàárín ti Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Ṣòkòtò péńpé káàkí, ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé, fìlà, ó tán. Ọ̀gá mi ní odindi àgbàdá pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò ń gba yáàdì 10, aṣọ ọkùnrin yìí ò lè gba mẹ́ta. Bí gbogbo ọkùnrin Ìjẹ̀bú bá lọ ṣe bíi tiẹ̀, kí télọ̀ wá máa jẹ kí ni? Ìgbà tí ìjọba fi bàbá náà ṣe alága People's Bank ní 1989 ló wá burú. Ọ̀gá mi ò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. "Ẹni tó ń ṣọ́ owó, tí ò lè ra aṣọ tó máa bo orúnkún!" Ó ti pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń dun ọ̀gá mi gan-an. Kì í ṣe ti yáàdì. Ọkùnrin yẹn ò ṣeé dá owó lé. O ò lè wò ó látòkè délẹ̀ kó o mọ iye tó o máa pè.

Ìyàwó ọ̀gá mi ló máa ń dá a lóhùn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló máa fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá náà kàwé dé Ìlú Ọba, gáùn òyìnbó ló sì ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ń kó àwọn obìnrin ọjà jọ l'Abẹ́òkúta, ó pa gáùn tì, ó ró ìró, ó wọ bùbá bíi tiwọn, kí wọ́n má baà máa fà sẹ́yìn níwájú òun. Àwọn obìnrin yẹn náà ló bínú owó orí títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. "Ìró!" ni ìyàwó ọ̀gá mi máa ń pariwo láti ibi tó ti ń ro àmàlà. "Ìró lásán, tí ò tiẹ̀ ní ojú ìrán kan!" Ọ̀gá mi á ní òun gbọ́, òun gbọ́, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ bọ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àgbàdá. Mo ti pa á mọ́ sínú láti 2019, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Bàbá ìyàwó kan ló gbé sányán fún mi rán. Sányán Ìṣẹ́yìn, èyí táwọn àgbà ń pè ní bàbá aṣọ. Láyé ọjọ́un, òwú tí kòkòrò inú igbó ń pa ni wọ́n fi ń hun ún. Lóde òní, òwú ọjà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ló kù tí à ń pè ní sányán. Ìyẹn náà ń wọ ẹ̀wù ẹlòmíràn, ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó, mo sì ti ṣèlérí pé aṣọ á délé lọ́jọ́bọ̀. Télọ̀ ni mí, ẹ mọ̀ wá. Ẹni tó ń bá mi ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn já mi kulẹ̀, iná lọ, iná ò dé, ni Sátidé bá mọ́ bá mi pẹ̀lú aṣọ lórí máṣíìnì. Aago méjìlá ọ̀sán kọjá kí n tó lọ̀ ọ́ tán. Mo di gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá ńlá, bùbá, ṣòkòtò, àgbàdá, fìlà, mo fò sórí ọ̀kadà, ó di Bódìjà.

N ò rántí wo ara mi. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn mi, òróró máṣíìnì sì wà lára rẹ̀. Ẹfun tá a fi ń sàmì sáṣọ ti bu orúnkún ṣòkòtò mi funfun. Okùn sílípáàsì mi kan já, òwú dúdú ni mo fi dì í. Tẹ́èpù ṣì wà lọ́rùn mi bíi ti dókítà.

Ọmọkùnrin méjì wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, báńsà, kóòtù dúdú, ohun kan nínú etí wọn. Ọ̀kan nawọ́ síwájú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yìn làwọn òṣìṣẹ́ ń gbà." Mo lọ sí ẹ̀yìn. Àwọn tó ń dáná wà níbẹ̀, obìnrin kan tó di ṣíbí ìrẹsì mú ní wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ọ̀hún pa, kí n gba iwájú. Mo padà síwájú. Mo ní aṣọ bàbá ìyàwó ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ní bàbá ìyàwó ti wà nínú, ṣé ìhòòhò ló wá ni? Mo pe fóònù bàbá, mo pe ti ìyàwó rẹ̀. Ariwo ìlù ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mo ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wọlé tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó wọ aṣọ ẹbí, wọn ò bi í léèrè káàdì, aṣọ ni káàdì. Ẹni tí ò wọ̀ ọ́ ní láti mú káàdì jáde, tó bá sì wọlé tán, a mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé ìrẹsì fún. (N ò lè bú aṣọ ẹbí. Òun ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi.)

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn pèpéle, bàbá ìyàwó jókòó pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, kò lè jáde, torí kò láṣọ. Èmi tí aṣọ wà lọ́wọ́ mi dúró lóde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, n ò lè wọlé, torí n ò láṣọ. Ẹni tó ni òde wà nínú ilé, ẹni tó ni ọ̀ràn wà lóde.

N ò mọ ẹni tó sọ ọ́ sí mi lọ́kàn. Mo rìn lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n páàkì, mo tú ọ̀rá. Mo wọ bùbá. Mo ti ẹsẹ̀ bọ ṣòkòtò lórí ṣòkòtò tèmi. Mo gbé àgbàdá kọ́ ọrùn, mo ká apá rẹ̀ sórí èjìká lọ́tùn-ún lósì, mo gẹ fìlà sápá kan. Mo ká tẹ́èpù sápò. Ara mi ò balẹ̀, àmọ́ mo sọ fún yín, bí sányán bá wúwo lé èèyàn léjìká báyẹn, ìrìn ẹni á yí padà fúnra rẹ̀. Èèyàn ò lè máa sáré nínú àgbàdá.

Ọmọkùnrin kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹrí ba, ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì. "Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú ìnáwó o, sà." Bàtà kì í sábà purọ́, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lókè, àmọ́ àgbàdá sányán gùn dé ilẹ̀, kò sẹ́ni tó rí òwú dúdú tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Onígángan kan ló rí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fìlù bèèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́, ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé ọmọ olówó ni, ọmọ ọlọ́lá ni, bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ kòkó onílẹ̀ àyágbé di ọlọ́lá lọ́wọ́ kan. Àwọn èèyàn yíjú. Obìnrin kan tó wé gèlè tó ga bí ilé kúnlẹ̀, ó ní ṣé èmi ni ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Ìlọrin. Mo ní òun ni. Onígángan ò kúrò lẹ́yìn mi. N ò ní ju ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ, owó ọ̀kadà àbọ̀ mi ni. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí.

Mo wọ yàrá náà, mo bọ́ gbogbo ẹ̀. Bàbá ìyàwó ò bú mi, ìbínú ti kọjá ìyẹn. Ó gbé àgbàdá wọ̀, ó dúró díẹ̀, ó ní, "Télọ̀, kí ló dé tó fi gbóná báyìí?"

Mo ní, "Áyọ́ọ̀nù ni sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ ni."

Bàbá, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ foríjì mí. Fìlà yẹn náà, mo dé e.

Kò tíì tán. Bí mo ṣe ń jáde lọ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì mi, báńsà kan náà dì mí lápá mú. "Ta ló jẹ́ kí ẹ wọlé?" Mo ní òun ni. Ó fi ìyá rẹ̀ búra pé òun kọ́. Ó sì dá mi lójú pé kò purọ́: ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún, kò rí i mọ́. Owó ọ̀kadà mi wà lápò onígángan. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Bódìjà dé Mọ́kọ́lá, mo ń bínú, mo ń rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn ń yà fún mi lọ́nà.

Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yẹ kó gbọ́n. Oṣù kejì lẹ́yìn ẹ̀ ni ọmọkùnrin kan yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Mo wò ó. Jíńsì rẹ̀ ti ya lórúnkún. Irun rẹ̀ lọ́ pọ̀, ó ta kókó, ó balẹ̀ sọ́rùn, owó ẹyọ méjì sì so mọ́ ọn lápá òsì. Mo ń bá aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi lọ. Mo ní èmi kì í gba ọmọ ìta. Ó ní, "Ọ̀gá, dàda ni. Wọ́n bí i mọ́ mi ni. Dàda gan-an lorúkọ mi." Mo ní gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní tó bá fẹ́ iṣẹ́ lóòótọ́, kó lọ gé ìdọ̀tí orí rẹ̀ kó tó padà wá síwájú àwọn kọ́sítọ́mà mi. "Ìdọ̀tí" ni mo pè é. Ó dúró díẹ̀, ó ní ẹ ṣeun sà, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó dé, ẹnì kan ti gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí, orí rẹ̀ kodoro, ó ń dán.

Ọ̀sán ni ìyá rẹ̀ dé. Gàrí ló ń tà, ìyẹ̀fun rẹ̀ wà lápá rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kó gé e?" Mo ní èmi ni. Ó ní láti ọdún mẹ́rìndínlógún, òun ò jẹ́ kí kóòmù kan orí yẹn rí. Ó ní wọ́n ti ń tu owó jọ láti fi ṣe é fún un bó ṣe yẹ: wọn à se ẹ̀wà, wọn à ra ìrèké, àwọn ọmọdé àdúgbò á jẹ, wọn à mú un lọ sétí odò. Ó ní ilé onígbàjámọ̀ ni òun ti ń bọ̀. Ó gbé ọ̀rá dúdú kan dání. Ó ti ṣa irun náà nílẹ̀, kó tó di pé wọ́n gbá a mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, lórí èérún aṣọ. Ó ní kí n dìde, ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Ó ní, "Ẹ ṣáà kọ́ ọ níṣẹ́ dáadáa." N ò gba kọ́bọ̀ owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn ò tó nǹkan, mo mọ̀.

Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kún títì káàkiri nítorí àwọn ọlọ́pàá SARS, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń ké lé lórí ni pé irun orí, àmì ara àti kọ̀ǹpútà inú báàgì ti tó láti fi sọ èèyàn di ọ̀daràn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo ń wo àwọn tó ń kọjá pẹ̀lú àsíá, mo ń mi orí, mo ń sọ fún obìnrin tó ń ta káàdì pé òótọ́ làwọn ọmọ yìí ń sọ, wọ́n ń jìyà. Mo bojú wẹ̀yìn. Dàda wà nídìí máṣíìnì, ó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò gbójú sókè.

Ó mọṣẹ́ jù mí lọ báyìí, pàápàá tó bá di ti kọ́là. Irun lásán ló hù padà, èyí tí kóòmù ń wọ̀. Àwọn kọ́sítọ́mà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: Dàda tí ò ní dàda. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá la ṣe fírídọ̀mù rẹ̀, ìyá rẹ̀ se ẹ̀wà, ó ra ìrèké, àwọn ọmọdé gbogbo òpópónà wa jẹ ẹ́. Mo rí ohun tó ṣe. N ò rò pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí èrò lọ tán, ó tú ìdì aṣọ funfun kan níwájú mi. Irun náà ni. Ó ní òun fẹ́ àpò kékeré kan tí òun máa fi tọ́jú rẹ̀, ọ̀rá ò dáa fún un.

Ojú sányán méjì ṣì wà lọ́wọ́ mi láti ara àgbàdá ọjọ́sí. (Télọ̀ kì í dá ìyókù aṣọ padà, ẹ má bi mí.) Dàda gé e, èmi ni mo jókòó sídìí rẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi rán an. Aṣọ funfun ni mo fi ṣe inú, mo ká ojú ìrán wọ inú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà sí òwú kankan tó máa yọ. Iṣẹ́ yẹn gbà mí ní alẹ́ mẹ́ta, fún ohun tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ìyá Dàda gbà á lọ́wọ́ mi. Kò wo òde rẹ̀ rárá. Ó da inú rẹ̀ síta, ó fi èékánná ìka kan tọ ojú ìrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún tọ̀ ọ́ padà. Ó wá yí i bọ̀ sípò, ó kó irun náà sínú rẹ̀, ó sì fa okùn rẹ̀ dì.